Ohùn Tí Mo Gbà Sílẹ̀, Tí N Kò Lè Tì Mọ́lé

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ máa ń dúró níwájú ilé mi ní ìlú Ọ̀jọ́, tẹ́ ẹ sì ń bi mí pé, "Mọ̀mí, ṣé èèyàn lè fi iṣẹ́ orin jẹun?", ẹ fa àga sún mọ́ mi. N kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì ní dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí ojú mi rí ni mo máa sọ, kí kálukú yín mú èyí tó bá bá a lára mu níbẹ̀.

Sàláwà lorúkọ mi. Ọmọ Ọ̀jọ́ ni bàbá mi, ọmọ Ìbà ni ìyá mi. Ìyá Sítúdíò ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ní orúkọ mìíràn. Gbígba ohùn sílẹ̀ ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe. Olórin á wá kọrin, èmi á gba ohùn rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, n ó tún un ṣe títí á fi dùn létí, a ó wá gbé e jáde fún títà. Ẹ rí i bí iṣẹ́ náà ṣe rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kejì wà tó fara pamọ́ sínú ti àkọ́kọ́, ìyẹn ni ṣíṣọ́ ohùn náà kí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ má baà máa jẹ èrè rẹ̀. Iṣẹ́ kejì yẹn ló hu ewú sí mi lórí.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ọ̀gá Akínwándé jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi, wọ́n ní sítúdíò kékeré kan ní Okókomáíkò. Bàbá mi fẹ́ kí n kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Èmi ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn èèyàn ló wù mí. Bàbá mi ní, "Ọmọbìnrin?" Ọ̀gá ní, "Ṣé obìnrin ò létí ni?" Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Mo rò pé wọ́n máa jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Wọ́n mú mi wọ yàrá tí wọ́n ti ń gba orin, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó pẹ́, wọ́n wọlé.

"Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

"Jókòó padà."

Báyìí la ń ṣe é lójoojúmọ́. Ó le débi pé mo sunkún délé. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan. Mo gbọ́ eṣinṣin lára ògiri. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ télọ̀ tó wà lódìkejì títì. Mo gbọ́ èémí ara mi. Nígbà tí mo kà wọ́n sílẹ̀ fún Ọ̀gá, wọn ò yìn mí. Wọ́n kàn ní, "Ó dára. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́, kò lè gbọ́ orin."

Òfin wọn pọ̀. A kì í jẹ ẹ̀pà lọ́jọ́ tí olórin bá ń bọ̀, kí ikọ́ má baà gbé wa. Mo wọ ẹ̀gbà ọwọ́ wá níjọ́ kan, Ọ̀gá dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ní, "Sàláwà, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ ń kọrin ju ẹni tí a pè wá kọrin lọ." Láti ọjọ́ náà, n kò wọ ẹ̀gbà mọ́ títí mo fi ṣe ìgbéyàwó. Èyí tó ga jù nínú òfin wọn ni pé orin kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ti mú un lọ sílé, ó ti gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Àwọn tó ń bá wa ta orin máa ń bínú pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ọ̀gá á ní, "Olórin ló ni ẹnu rẹ̀. A kì í ti ẹ̀yìn ẹni ta ẹnu ẹni."

Lásìkò yẹn, inú kásẹ́ẹ̀tì ni orin ń gbé. Ọjọ́ kan, èmi àti Ọ̀gá lọ ra wáyà ní Ìyànà Ìbà. Ṣàdédé ni wọ́n dúró. Orin ọ̀kan nínú àwọn olórin wa ló ń dún níwájú ṣọ́ọ̀bù kan.

Inú mi dùn. Mo ní, "Ọ̀gá, orin wa ń tà o!"

 Wọ́n wọlé, wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n yí i síwájú sẹ́yìn. Àwòrán olórin wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti dúdú bí ẹni tí èéfín bò, orúkọ sítúdíò wa sì ti pòórá.

"Ta ló tà á fún ọ?" Ọ̀gá bi ọlọ́ṣọ́ọ̀bù náà.

"Bàbá, èmi náà rà á ni."

"Ó dáa. Mú mi lọ síbi tó o ti rà á."

Láti ọwọ́ ẹnìkan dé ọwọ́ ẹlòmíì, a rìn títí a fi dé ilé kan lápá Ìjànikin, níbi tí wọ́n to ẹ̀rọ sí, tí wọ́n ń da orin kọ. Mo rò pé ọlọ́pàá ni Ọ̀gá máa pè. Ìyá ẹni tó ni ilé náà ni wọ́n béèrè. Wọ́n jókòó ti màmá náà àti àwọn àgbà àdúgbò, wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì gidi àti ayédèrú sílẹ̀, wọ́n sì ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín nìyí." Màmá wo méjèèjì, ó wo ọmọ rẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà fi dọ̀bálẹ̀. Wọ́n parí ẹ̀ síbẹ̀: kò ní da orin wa kọ mọ́, tiwa gan-an ni yóò máa tà. Ó sì tà á, tọkàntọkàn, títí kásẹ́ẹ̀tì fi kúrò láyé.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, Ọ̀gá ní, "Sàláwà, olè tó bá ní ìyá, olè tó rọrùn ni."

N kò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jinlẹ̀ tó nígbà náà.

Ayé ń yí, irinṣẹ́ náà ń yí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, abẹ la fi ń gé téèpù, a ó sì fi gọ́ọ̀mù so ó pọ̀. Síídì dé, ó tàn yanran bí dígí, a rò pé kò sẹ́ni tó máa lè dà á kọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń dà á kọ bí ẹni ń yan búrẹ́dì. Kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e. Mo fi han Ọ̀gá bí orin ṣe ń hàn lójú rẹ̀ bí ìgbì omi. Wọ́n wò ó, wọ́n lọ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà pàápàá. Wọ́n ní, "Orin náà gan-an ńkọ́, níbo ló wà?" Mo ní inú ẹ̀rọ ni. Wọ́n ní, "Ohun tí ọwọ́ ò lè dì mú, báwo lo ṣe fẹ́ dì í mú?" Wọ́n gbé sítúdíò lé mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó papò dà. Mo sì ṣe é, mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, mo gba ohùn àwọn tí ayé mọ̀ àti àwọn tí ará ilé wọn nìkan mọ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìntì, mo pàdé Ìyá Àbẹ̀ní.

Ọ̀tọ̀-Àwórì ni Ìyá ń gbé, àgbọn ni wọ́n ń fọ́ ṣe òróró. Orin arẹmọlẹ́kún tí wọ́n ń kọ fún ọmọ kò ní òǹkà, orin tí àwọn ìyá wọn fi pọ̀n wọ́n ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo gbàgbé ohun tí mo bá wá. Wọ́n ń kọ ọ́ bí ẹni pé ojúlé wọn nìkan ló yẹ kó gbọ́:

Má sunkún mọ́, ìyá rẹ ń bọ̀ lódò,
Ó gbé ẹja bọ̀, ó gbé àgbọn bọ̀,
Sùn kí n rójú pín in.

Mo ní èyí ni màá fi kásẹ̀ iṣẹ́ mi ńlẹ̀. Ohun tí mo ti tọ́jú de ọjọ́ ogbó ni mo kó lé e. Mo gbé ẹ̀rọ lọ sílé wọn, nítorí wọ́n ní ohùn àwọn kì í jáde níbi tí kò bá sí òórùn àgbọn. Lẹ́yìn orin kẹta, òùngbẹ gbẹ wọ́n, wọ́n ké sí ọmọ ọmọ wọn pé, "Dàmi, bu omi wá!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo fún Ìyá ní ẹ̀dà kan sínú fóònù Dàmi kí wọ́n gbọ́ ọ nílé. Wọ́n ní ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo wá jókòó ti iṣẹ́, mo tún un ṣe, mo gé ariwo àti ẹ̀rín àti ìpè omi yẹn kúrò.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ ọmọ ọwọ́ gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe ìpolówó ọjà káàkiri orílẹ̀-èdè, àwọn á sì sanwó tó jọjú fún èmi àti Ìyá. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: kí ẹnikẹ́ni má tíì gbọ́ orin náà níta kí àwọn tó gbé e jáde. Mo ní kò sí wàhálà.

Ọmọ mi obìnrin ní kí n bá òun gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. A jókòó láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ọmọ kan ń ké gidigidi. Ìyá rẹ̀ fa fóònù yọ, ó tẹ nǹkan lójú ẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọmọ náà. *Má sunkún mọ́, ìyá rẹ ń bọ̀ lódò.* Ọmọ náà dákẹ́. 

Mo sún mọ́ ọn. "Ọmọ mi, níbo lo ti rí orin yìí?"

"Wọ́n fi ránṣẹ́ sí gúrúpù wa lórí fóònù ni, Mọ̀mí. Ó mà ń ṣiṣẹ́ o! Ẹ mú nọ́ńbà yín wá, kí n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin náà."

 Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́yà Bísí, ọmọ àbúrò ìyá mi, tó kọ ìwé àdéhùn fún èmi àti Ìyá, ló bá mi dìde sọ́rọ̀ náà. Ó rí i pé ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti gbé gbogbo orin náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ̀wé sí wọn pé orin olórin ni, òfin ò gbà á. Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Inú wa dùn. Ilẹ̀ mọ́, ó tún yọjú lórí ìkànnì mìíràn, wọ́n sì ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí "Orin Tó Ń Mú Ọmọ Sùn Kíá". Bísí wá ẹni tó ni ìkànnì náà títí. Kò rí orúkọ, kò rí ojúlé. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ní ẹ̀rọ wọn wà, orí máàpù ló ti lọ wá a. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá mi wá yé mi wàyí. Olè yìí kò ní ìyá tí mo lè lọ bá.

Mo ní kí a wá ẹni tí ojú lè rí. A lọ sí Ìyànà Ìbà, níbi tí àwọn ọkùnrin tó ń fi orin sínú fóònù àti mẹ́mórì fún èèyàn ń jókòó sí. Ọ̀kan nínú wọn, Gàníyù, ń ta orin Ìyá láì fi bò rárá. Bísí sọ ẹni tí a jẹ́ fún un àti ohun tí òfin wí. Ẹ̀rù bà á, ó dọ̀bálẹ̀.

"Mọ̀mí, ẹ foríjì mí. Inú fóònù oníbàárà ni mo ti rí i. Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan ló ni í. Mo rò pé orin àtijọ́ ni, pé gbogbo wa la ni í."

Ó pa á rẹ́ lójú wa. A ò tíì kúrò níbẹ̀ tí obìnrin kan tó pọn ọmọ fi dé, tó ní, "Ẹ fún mi ní orin Ìyá Àgbà tó ń mú ọmọ sùn."

Gàníyù wò wá. Ó ní, "Mi ò ní i mọ́, àǹtí."

"Kò tiẹ̀ burú, ọ̀rẹ́ mi ní i," ni obìnrin náà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

 Gàníyù rọra ní, "Mọ̀mí, tẹ́ ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, ṣé ẹ lè ti fóònù àwọn èèyàn pa?" Kì í ṣe àfojúdi. Ó ń béèrè lóòótọ́ ni.

Ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ gbọ́, wọ́n yọwọ́. Mo délé, mo dùbúlẹ̀, oorun ò wá. Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Bísí ní bí a bá mọ ẹni tó kọ́kọ́ tú u síta, a ó rí ẹni pè lẹ́jọ́. N kò tíì lè gbọ́ orin tí wọ́n jí náà tán rí, ó máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo fi ẹ̀rọ sétí, mo jókòó bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi, mo tẹ́tí sí i. Orin kìíní kọjá. Orin kejì kọjá. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ọ kedere: "Dàmi, bu omi wá!"

Ohun tí mo ti gé kúrò. Kò sí nínú ẹ̀dà kankan mọ́ láyé àfi èyí tí mo fún Ìyá mú lọ sílé.

Bísí ní, "Mọ̀mí, àdéhùn wà o. Mo kà á sí wọn létí ní Yorùbá, wọ́n sì tẹ̀ka. A lè gbé wọn lọ sílé ẹjọ́."

Mo ní, "Jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ kí wọn."

A bá Ìyá Àbẹ̀ní lórí àpótí, wọ́n ń fọ́ àgbọn. Wọ́n yọ̀ mọ́ wa, wọ́n fún wa ní omi àgbọn mu. Mo jókòó tán, mo ní, "Ìyá, ta lẹ fún ní orin tí mo ní kẹ́ ẹ gbọ́ nílé yẹn?"

"Ta ni mi ò fún?" ni Ìyá wí. "Ọmọ ọmọ mi tó wà lókè òkun bímọ, ọmọ ọ̀hún kì í sùn. Ó ń sunkún sí mi létí lórí fóònù. Mo ní kí Dàmi fi ohùn mi ránṣẹ́ sí i. Ọmọ sùn. Ìyá rẹ̀ ní àwọn ọ̀rẹ́ òun náà ń béèrè. Mo ní kó fún wọn."

"Ìyá, a jọ ṣàdéhùn pé a ò ní fún ẹnikẹ́ni," Bísí sọ bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́.

"A ṣàdéhùn. Mo rántí. Ṣùgbọ́n ọmọ ń ké, Bísí. Ṣé kí n ní kó máa ké títí ọlọ́ṣẹ á fi múra tán?"

"Àwọn èèyàn ti jí orin yín, Ìyá. Wọ́n ń tà á."

Ìyá fọwọ́ kan ọ̀fun wọn. "Ó ṣì wà níbí. Kí ni wọ́n jí?"

 Mo wá ṣàlàyé fún Ìyá pé ilé iṣẹ́ náà ti yọwọ́, nítorí pé àwọn ọmọ ti gbọ́ orin náà. Ìyá ronú sí i.

"Ìyẹn ni pé orin ọmọ tí ọmọ kankan kò gbọ́ rí ni wọ́n fẹ́?"

Ẹ̀rín pa mí, n kò mọ ìgbà tó já lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi òkúta tí wọ́n fi ń fọ́ àgbọn sílẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ìwọ ńkọ́, Sàláwà? Ohun tó o ní lo kó sórí ẹ̀. Mi ò ro tìrẹ. Ó dùn mí." Wọ́n dì í mú pẹ́ títí.

Nígbà tí a wọkọ̀ padà, mo ní kí Bísí gbàgbé ẹjọ́. Ó ní, "Lábẹ́ òfin..." Mo ní, "Mo mọ̀, òfin wà lẹ́yìn wa. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ìyá tó rẹ ọmọ lẹ́kún ṣe ọ̀daràn."   Bí a ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Okókomáíkò, ó ní, "Ó dáa. Ọ̀nà mìíràn wà tí mo fẹ́ gbìyànjú."

Ó fi orúkọ orin náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì fídíò ńlá, tí ẹ̀rọ wọn máa ń dá ohùn mọ̀. Ó dà bí ìgbà tí a kọ ilà fún ọmọ. Ibikíbi tí ẹnikẹ́ni bá ti lò ó níbẹ̀, wọ́n á mọ ilé tó ti wá, díẹ̀ nínú owó ìpolówó tó bá wọlé á sì tọ̀ wá wá. Àwọn ìyá tó ń ya fídíò ọmọ wọn pọ̀ jaburata láyé! Owó náà kò tó ti ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. A fi tún òrùlé ilé Ìyá ṣe, ohun tí mo kó lé iṣẹ́ náà sì ń padà sọ́wọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Ní ti àwọn tó ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ lórí àwọn ìkànnì tí kò lójú, wọ́n ṣì ń pín in. N kò mú wọn. N kò rò pé màá mú wọn. Àgbàdo kì í wà lóko kí ẹyẹ má jẹ ńbẹ̀. Kí olóko ṣáà rí tirẹ̀ kó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ó lè fi kọ́kọ́rọ́ tì mọ́nú yàrá, ẹ lọ ṣe káfíńtà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó sínú ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ sì gbọ́ nǹkan, ẹ wá. Ẹ kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì. Ẹ kọ́ òfin tó dáàbò bò ó pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì forúkọ orin yín sílẹ̀ kó tó jáde, nítorí ẹyìn tó bá ti bọ́ kì í ṣeé dá padà sórí ọ̀pẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ìbínú sí àwọn tó ń jí i gbà yín lọ́wọ́ adùn tó wà nínú ṣíṣe é.

Láìpẹ́ yìí, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìjànikin pe Ìyá Àbẹ̀ní wá kọrin fún àwọn òbí àti ọmọ. Orin tuntun ni wọ́n fẹ́ kọ, èyí tí a kò tíì gbà sílẹ̀. Bísí ti lẹ ìwé mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn náà ní lẹ́tà gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ohùn sílẹ̀. Ìyá ò mọ̀wé kà. Bí wọ́n ṣe la ẹnu báyìí, fóònù ló gba gbogbo afẹ́fẹ́. Bísí dìde láti lọ kìlọ̀ fún wọn. Ìyá ti rí àwọn fóònù náà ṣáájú rẹ̀. Wọ́n dá orin dúró, wọ́n fi ọwọ́ pe àwọn èèyàn.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ sún mọ́ iwájú o, kí ohùn mi lè wọnú rẹ̀ dáadáa."

Bísí jókòó, ó fọwọ́ borí. Èmi ní tèmi, mo gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́, mo sì bá wọn gbe orin.